Bí Ehoro Bá Kọ Oúnjẹ, Ẹ Wo Ẹnu Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sin ehoro, àwọn ọmọ a sì máa sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ẹran yìí bá wá ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé, "Ó ti ń ṣa oúnjẹ jẹ." Ẹ̀yin òbí, ẹ má tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ebi lè máa pa á gan-an, kí ó jẹ́ pé eyín ni kò jẹ́ kí ó lè jẹun.

EYÍN TÍ KÌ Í DẸ́KUN HÍHÙ

Eyín 28 ni ehoro ní, gbogbo wọn ló sì ń hù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Eyín iwájú lè fi nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 gùn sí i lọ́sẹ̀ kan. Koríko tí ó ń rún láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń bá a dín gígùn wọn kù. Bí koríko kò bá tó, eyín a gùn jù, a wọ́, etí rẹ̀ a mú bí abẹ, a sì máa gún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn wà tí a bí pẹ̀lú eyín tí kò pàdé ara wọn. Kò yẹ kí a fi irú wọn bímọ.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Edinburgh, ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, fi oúnjẹ oríṣi mẹ́rin bọ́ ehoro 32 fún oṣù 17. Nínú ìròyìn wọn tó jáde ní 2015, àwọn tí wọ́n fún ní àdàlù ọkà oníhóró láìsí koríko ni eyín wọn bàjẹ́ jù.

ÀWỌN ÀMÌ TÓ YẸ KÍ Ẹ MỌ̀

Ehoro tí eyín ń dùn máa ń sáré wá sídìí oúnjẹ, a gbé e sẹ́nu, a sì tún jẹ́ kí ó bọ́. Itọ́ a máa mú àgbọ̀n rẹ̀ tutù. Omi lè máa jáde lójú rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ a kéré, ara rẹ̀ a sì máa rù. Oúnjẹ rírọ̀ nìkan ni yóò máa wá, ìdí nìyí tí a fi ń rò pé ó ń ṣe àṣejù. Dókítà ẹran tó tan iná wo inú ẹnu rẹ̀ ló lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ehoro kò lè bì, ìfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró. Bí ó bá tó wákàtí 12 tí kò jẹun tàbí tí kò yàgbẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ohun tí a fi ń gé èékánná gé eyín rẹ̀ o! Ó lè là dé gbòǹgbò.

BÍ A ṢE Ń BỌ́ Ọ

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti wò ó, ẹ gé koríko tútù àti ewé ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́. Ẹ rẹ oúnjẹ ehoro inú àpò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi rọ̀ bí ògì. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ bọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kí ẹ gbà, díẹ̀díẹ̀, kí ó máa gbé e mì. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnu bá ti ń san, ẹ dá koríko gígùn padà, nítorí oúnjẹ rírọ̀ kì í bá eyín dín kù.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ÀṢÀJẸ NI LÓÒÓTỌ́

Ẹ dá bísíkíìtì, búrẹ́dì àti ohun dídùn dúró. Ẹ má fi ebi kọ́ ọ lọ́gbọ́n; ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi máa yí oúnjẹ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Koríko ni kí ó kọ́kọ́ bá láàárọ̀, kí ẹ sì fi oúnjẹ inú àpò díẹ̀ pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ yẹra fún koríko tó ti bu, èyí tí wọ́n fín oògùn sí, àti ewé ẹ̀gẹ́ tútù, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

Ẹ fún ọmọ kan níṣẹ́ yìí láràárọ̀: ṣé ó jẹun? Ṣé ó yàgbẹ́? Ṣé àgbọ̀n rẹ̀ gbẹ? Ẹran kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Àwa tí a ń sìn ín ni ká máa wò ó.