Àìsàn Iṣan Tí Í Da Ìlù Ọkàn Rú

Àìsàn kan ń bẹ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní multiple sclerosis. Ní ọdún 1868 ni Jean-Martin Charcot, gbajúgbajà oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, ṣe àlàyé rẹ̀ yékéyéké ní Paris. Àwọn ọmọ-ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń ba awọ ọlọ́ràá tí ó bo iṣan inú ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí wáyà iná tí rọ́bà ara rẹ̀ bó yóò mọ ohun tí èyí jẹ́: iṣẹ́ tí ọpọlọ rán a máa pẹ́ lọ́nà, tàbí kí ó má tilẹ̀ dé rárá. Ẹsẹ̀ a wúwo, ojú a sì máa ṣe bàìbàì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni ọkàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lu ìlù rẹ̀, ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni í sọ fún un pé kí ó yára tàbí kí ó rọra. Bí àìsàn náà bá dé ìdí ọpọlọ, níbi tí àṣẹ yìí ti ń wá, ọkàn lè máa sáré láìnídìí, ó sì lè falẹ̀.

Ti oògùn ni ó kó àwọn oníṣègùn lọ́kàn sókè jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fingolimod, tí a ń gbé mì dípò abẹ́rẹ́. (Láti ara olú kan tí í hù lára kòkòrò ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáàn ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀!) Inú àwọn aláìsàn dùn. Àmọ́ èyí tí a bá kọ́kọ́ lò a máa mú ọkàn falẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2011, aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà kú kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Wọn kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oògùn náà ni ó pa á, síbẹ̀ ní ọdún 2012 òfin le sí i: kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn wò ṣáájú, kí aláìsàn jókòó sọ́dọ̀ oníṣègùn fún wákàtí 6, kí wọ́n máa ka ìlù ọkàn rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti ń lo oògùn náà ju oṣù kan lọ, tí ó wá rìnrìn-àjò tí ó sì gbàgbé rẹ̀ sílé fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kò gbọdọ̀ kàn gbé e mì nígbà tí ó bá dé. Àfi kí ó padà lọ jókòó wákàtí 6 náà, nítorí lójú ọkàn rẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni.