Bí Fọ́ọ̀mù Kò Bá Ṣí Lórí Fóònù Yín, Ẹ Má Sanwó Fẹ́nikẹ́ni

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Òṣogbo, Iléṣà àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

1. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Àwọn èèyàn ń dé kàǹtà ọ́fíìsì wa nígbà tí ọjọ́ ìparí fọ́ọ̀mù ti kọjá. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló dá wọn dúró, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé, "Wọ́n ti kọ̀ mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Kò sẹ́ni tó kọ̀ wọ́n. Fóònù ló ní kí wọ́n sọ bíráwúsà di tuntun, ìyẹn Chrome, Safari, Opera tàbí èyí tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fowó lé alárinà lọ́wọ́ kí wọ́n tó yọ sí wa.

2. Bíráwúsà ló kọ̀, kì í ṣe ọ́fíìsì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí "Update your browser" tàbí "Browser not supported", bíráwúsà yín ló ti gbó ju èyí tí ojú òpó náà lè bá ṣiṣẹ́. Kò fi hàn pé orúkọ yín kò sí nínú ìwé. Kò fi hàn pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) yín ní àṣìṣe. Kò fi hàn pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí ẹ ń béèrè. Bíráwúsà kò mọ̀ yín rí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí fọ́ọ̀mù yín. Bí ọ́fíìsì bá kọ fọ́ọ̀mù, orúkọ yín àti ìdí tí a fi kọ̀ ọ́ á wà nínú ìdáhùn.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kankan kì í jáde. Ojú ewé á kàn funfun báláú. Tàbí kí ẹ kún un tán, kí ẹ tẹ "Submit" títí kó má dáhùn. Tàbí kí ibi tí ẹ ó gbé fọ́tò sí má ṣí. Bí àwọn ojú òpó mìíràn bá ń ṣí dáadáa, a jẹ́ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ lọ wo bíráwúsà yín. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń sanwó ló dúró, ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì.

3. Kí ló fà á?

Àwọn tó ń ṣe bíráwúsà ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Bó bá pẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀. Microsoft dáwọ́ bíráwúsà rẹ̀, Internet Explorer, dúró ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Láti oṣù Kejì ọdún 2023, Chrome tuntun kò gba Windows 7 àti 8.1 mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Chrome 139 fi fóònù Android 8 àti 9 sílẹ̀. Fóònù tó ń kún fọ́ọ̀mù dáadáa tẹ́lẹ̀ lè kọ̀ lónìí láìjẹ́ pé ó bàjẹ́.

4. Ẹ ṣe é fúnra yín

Android: ẹ ṣí Play Store, ẹ wá Chrome, ẹ tẹ "Update". Ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan ló ń jẹ. Bí "Update" kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé tuntun ló wà lórí fóònù yín, ó sì lè jẹ́ pé fóònù ti dàgbà jù. Ẹ wo "Android version" nínú Settings, lábẹ́ "About phone". Bó bá jẹ́ 8 tàbí 9, ẹ gbìyànjú Firefox.

iPhone: ẹ lọ sí Settings, General, Software Update.

Opera Mini: ó ń dín dátà kù nítorí pé ó ń fún ojú ewé pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìfúnpọ̀ yẹn sì lè ba fọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹ máa fi ka ìròyìn. Ẹ má fi kún fọ́ọ̀mù.

5. Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Àwọn oníjìbìtì náà mọ ọ̀rọ̀ "Update" yìí. Wọ́n á mú kí àkọlé kan ṣàdédé yọ lójú fóònù pé Chrome yín ti gbó, kí ẹ tẹ ibí. Ohun tó bá wọlé níbẹ̀ lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ojú ewé náà dé, kí ẹ fúnra yín lọ sí Play Store. Ẹ má gba fáìlì "APK" (áàpù Android) tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ yín ló fi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá dúró níta ọ́fíìsì tó ní òun mọ ẹnìkan nínú ilé tó lè "ṣí i" fún yín, irọ́ ló ń pa. Kò sí bọ́tìnì kankan lọ́dọ̀ wa tó lè ṣí bíráwúsà yín. Ẹ má gbé PIN tàbí OTP yín fún un.

6. Ẹ̀yin oní-kàfẹ́

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì ń lo Windows 7, ẹ sọ fún oníbàárà kí ẹ tó gbowó rẹ̀. Bí ojú òpó àtijọ́ kan bá sì ń béèrè Internet Explorer, ẹ lo "IE mode" tó wà nínú bíráwúsà Edge.

7. Ẹ tètè wá

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí kò sì ṣí, ẹ ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù, kí ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kàǹtà kó tó di ọjọ́ ìparí. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Ìbòkun tàbí Òṣú, ẹ dán fọ́ọ̀mù náà wò nílé kí ẹ tó wọkọ̀. Òṣìṣẹ́ wa á bá yín wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín fún un, kódà bó wọ káàdì ọ́fíìsì sọ́rùn, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wá.