Bí hítà mọ́tò yín bá ń fẹ́ òtútù, ẹ tètè yẹ omi ẹ́ńjìnnì wò o!

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní London, Manchester, Chicago àti New York, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wakọ̀ l'Ékòó àti n'Íbàdàn má tíì ṣí ojú-ìwé yìí kọjá, nítorí ibi tọ́rọ̀ náà máa já sí, ó kan tiwọn náà.

Nílé níbí, éà-kọ́ńdíṣàn là ń wá nínú mọ́tò, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ tí hítà ń ṣe. Lókè òkun kọ́ o! Tí òtútù bá dé, tí yìnyín bo títì, ọ̀rẹ́ gidi ni hítà jẹ́ fún awakọ̀. Kì í ṣe pé ó ń mú ara móoru nìkan, òun náà ló ń yọ́ yìnyín kúrò lára gíláàsì iwájú. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ gbangba pé kí awakọ̀ tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ nu yìnyín kúrò lára gbogbo gíláàsì ọkọ̀ ẹ̀, kó lè ríran dáadáa.

Kí ló wá dé téèyàn á tan hítà, tí fáànù á máa pariwo fùù, tó jẹ́ atẹ́gùn tútù ló ń jáde?

OMI GBÍGBÓNÁ LÓ WÀ NÍDÌÍ Ẹ̀

Hítà mọ́tò ò ní iná tiẹ̀ lọ́tọ̀ bíi ti sítóòfù. Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń yá lò. Omi tó ń yí po nínú ẹ́ńjìnnì máa ń gba inú rọ́bà méjì lọ, á tún bọ̀, sínú rédíẹ́tọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba ara rédíẹ́tọ̀ kékeré yìí, ooru ẹ̀ á sì bọ́ sára yín. Bí omi ò bá dé ibẹ̀, tàbí tí omi tó dé ibẹ̀ ò gbóná, ariwo fáànù lásán lẹ máa gbọ́. (Ọkọ̀ oníbátìrì ò sí nínú àlàyé yìí o, torí wọn ò ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n á ti rí ooru yá.)

Ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fura sí ni omi tó lọ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rédíẹ́tọ̀ kékeré yẹn ga ju àwọn ibòmíì tómi ń gbà lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, hítà á ti ta yín lólobó. Bí ooru bá ń jáde nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná mọ́tò, tó tún di òtútù nígbà tẹ́ ẹ bá dúró síbi iná pupa, àfàìmọ̀ ni omi ò ti dín, tàbí kí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó yẹ ike omi wò. Ẹni tó bá ṣí ìdérí rédíẹ́tọ̀ tó gbóná, omi gbígbóná lè bó o lójú! Tẹ́ ẹ bá bu omi kún un, tó tún lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Bí kápẹ́ẹ̀tì ìdí ẹsẹ̀ bá tutù, tí gíláàsì ń ṣú, tí nǹkan kan ń rùn bí ohun dídùn, rédíẹ́tọ̀ kékeré ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń jò. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe funfun bíi ti mílíìkì, ẹ má wà á mọ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ̀ẹ̀tì ló ṣeé ṣe kó ti lọ.

ÀWỌN TÓ YỌ TẸMOSTÁÀTÌ, Ẹ GBỌ́ O

Ẹnì kejì tẹ́ ẹ máa fura sí ni tẹmostáàtì. Òun ni ilẹ̀kùn tó ń há omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí tó fi máa gbóná, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láàárín ìwọ̀n 82 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bó bá ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́, omi á máa tutù ṣáá. Àmì tiẹ̀ ni pé hítà á gbóná díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sáré ní mọ́tòwéè, òtútù dé, ọwọ́ géèjì náà á sì sún sílẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì kan nílé fẹ́ràn láti máa yọ tẹmostáàtì dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Àṣà yìí ò dáa, torí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó máa ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá wá gbé àṣà náà dé ìlú òyìnbó, hítà ẹ̀ á kàn máa fẹ́ òtútù sí i lára ni.

Bí omi bá pé, tí géèjì náà sì wà láàárín, ẹ rọra fọwọ́ kan rọ́bà hítà méjèèjì, ẹ sọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ìdọ̀tí ló dí rédíẹ́tọ̀ kékeré náà. Bí méjèèjì bá gbóná, ilẹ̀kùn kékeré tó ń darí atẹ́gùn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ló há. Nígbà míì ẹ máa gbọ́ tó ń dún kọ́ kọ́ kọ́. Bó bá jẹ́ pé fáànù ò fẹ́ rárá, fíúùsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó pe rìwáyà.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀MÍ NI O

Nígbà tí ìjì yìnyín jà ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, lásìkò Kérésìmesì 2022, àwọn kan kú sínú ọkọ̀ wọn. Ẹ máa gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú mọ́tò. Bí yìnyín bá sé yín mọ́, ẹ kọ́kọ́ ro ó kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, torí èéfín olóró tó lè wọlé kò ní òórùn, ojú ò sì rí i. Ẹ má sì lo omi lásán, kúláǹtì ni kẹ́ ẹ pò mọ́ ọn. Omi tó bá di yìnyín á wú, ó sì lè la ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n májèlé ni kúláǹtì, ó sì dùn lẹ́nu, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, tiyín rèé. Bí ọwọ́ géèjì bá ń gòkè nínú gó-sìlóò, ẹ pa éà-kọ́ńdíṣàn, kẹ́ ẹ tan hítà síbi tó gbóná jù, á bá ẹ́ńjìnnì gbé lára ooru ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ bí géèjì bá ń gòkè tí hítà ń fẹ́ òtútù, omi ti tán nìyẹn! Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á kàn rọra wà á délé, ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń wá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Omi ìṣẹ́jú márùn-ún tẹ́ ẹ kọ̀ láti yẹ̀ wò lónìí lè gbówó ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín lọ́la.