Ọwọ́ Mọṣẹ́, Ìwé Ńkọ́? Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣẹ́ Lathe Mọ̀ Kó Tó Forí Lé Jámánì

Àwa tí a wà lókè òkun mọ ìpè yìí dáadáa. Fóònù á dún lálẹ́ Sátidé, àbúrò ẹni ni láti Mushin tàbí láti Ìbàdàn: "Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ mi." Òótọ́ ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nídìí ẹ̀rọ lathe. Òun ló ń lọ kíráńkì ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ, òun ló ń fá dírọ́ọ̀mù bíréèkì, òun náà ló ń gbẹ́ páàtì tí kò sí lọ́jà mọ́ láti inú irin gbọọrọ. Èsì wo ni ká fún un?

Jámánì ni a mú lónìí, nítorí pé orílẹ̀-èdè yẹn ni wọ́n ti ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ gidi, tó ní orúkọ àti ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Zerspanungsmechaniker ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ṣe é, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sì ni ọmọ ilẹ̀ wọn fi ń kọ́ ọ. Ìdí kejì ni pé òfin tó ń gba oníṣẹ́-ọwọ́ láti òkèèrè wọlé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2020, ti yí padà gan-an láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2023 sí oṣù Kẹfà ọdún 2024.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ pé iṣẹ́ ń wọ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ohun èlò ọkọ̀ wà lára àwọn tó ń gba oníṣẹ́ lathe jù, nǹkan kò sì rọgbọ fún wọn báyìí. Lóṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ZF kéde pé òun yóò dín iṣẹ́ tó tó 11,000 sí 14,000 kù ní Jámánì kí ọdún 2028 tó parí. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wo àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké náà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ oko àti páńpù.

Ìwé ni ìṣòro

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó korò. Nílé wa, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ọdún bá pé, wọn á gba fírídọ́ọ̀mù, wọn á ṣe àdúrà, wọn á pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀gá á sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé yẹn níyì lójú gbogbo wa. Lójú òfin Jámánì, kò tó. Ohun tí òfin wọn ń béèrè ni ìwé ẹ̀rí tí ìjọba orílẹ̀-èdè tí a ti gbà á mọ̀ sí, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì tó ọdún méjì ó kéré tán.

Ẹni tó bá gba ND nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bíi Yaba College of Technology ní ohun tó lè gbé síwájú wọn. Bákan náà ni ẹni tó lọ sí technical college fún ọdún mẹ́ta, tó sì gba ìwé NTC ti NABTEB. Ní ti Trade Test, ìdánwò ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọdún méjì. Ó dára láti ní i mọ́ ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé òun nìkan ti tó.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà

Èkíní ni kí wọ́n fi ìwé wé ti Jámánì. Ọ́fíìsì IHK FOSA tó wà nílùú Nuremberg ló ń ṣe èyí fún iṣẹ́ lathe àti àwọn iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn. Owó rẹ̀ wà láàárín yúrò 100 sí 600. Bí ìwé yín bá bá tiwọn mu pátápátá, ó tán. Bí ó bá kù díẹ̀, wọn yóò kọ ohun tó kù sílẹ̀, ẹ sì lè lọ fi kún un.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2024. Kò pọn dandan kí wọ́n fi ìwé wé tiwọn mọ́, bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀kọ́ ọdún méjì tí ìjọba nílé mọ̀ sí, tí ẹ ti ṣiṣẹ́ náà fún ọdún méjì ó kéré tán láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, tí ilé-iṣẹ́ kan sì ti fún yín níṣẹ́. Ibi tó le níbẹ̀ ni owó oṣù: lọ́dún 2025, ó gbọ́dọ̀ tó yúrò 43,470 lọ́dún, àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ àdéhùn owó-iṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti lé lẹ́ni ọdún 45 tún ní ààlà owó tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni Chancenkarte, káàdì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ó ń jẹ́ kí èèyàn wọ Jámánì fún ọdún kan láti fúnra rẹ̀ wáṣẹ́. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀kọ́ ọdún méjì, àti Jámánì ìpele A1 tàbí Gẹ̀ẹ́sì ìpele B2, èèyàn gbọ́dọ̀ ní máàkì mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún àbúrò wa tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bó bá ní ìwé náà: kò tíì pé ọdún 35, máàkì méjì, ó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún láàárín ọdún méje, máàkì mẹ́ta, ó gbọ́ Jámánì dé ìpele A2, máàkì kan. Ó pé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó tí òun yóò máa jẹ, yúrò 1,091 lóṣù lọ́dún 2025. Fún oṣù méjìlá, yúrò 13,092 nìyẹn. Ó lè ṣiṣẹ́ wákàtí ogún lọ́sẹ̀ títí yóò fi rí iṣẹ́ gidi.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹni tó jẹ́ ìwé fírídọ́ọ̀mù nìkan ló ní. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ ní Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Ausbildung. Ó gbọ́dọ̀ rí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á, kó ní ìwé girama, kó sì gbọ́ Jámánì dé ìpele B1. Wọn kì í gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ló ń sanwó fún un: lọ́dún 2025, kò gbọdọ̀ dín ní yúrò 682 lóṣù lọ́dún àkọ́kọ́. Ó lè dun ọ̀gá tó ti ní ọmọ-iṣẹ́ tirẹ̀ láti tún padà di ọmọ-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá gbà níkẹyìn, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí rẹ̀.

Iye owó wọ̀nyí máa ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ wo ojú òpó Make it in Germany, tí ìjọba wọn ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ọ̀gá iléeṣẹ́ yóò bi í

Nílé, bí páàtì bá ti wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, iṣẹ́ ti parí. Lọ́hùn-ún, àwòrán iṣẹ́ ni ọ̀gá. Bí wọ́n bá kọ 25 H7 sí ẹ̀gbẹ́ ihò kan, ihò náà kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 25 rárá, kò sì gbọdọ̀ fi ju 0.021 mìlímítà lọ. Irun orí èèyàn nípọn ju ìyẹn lọ. Ẹni tí kò bá lè ka àwòrán, tí kò sì lè lo máíkírómítà, kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ CNC, tó ń gba àṣẹ látinú kọ̀ǹpútà, ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kí àbúrò yín mọ ìtumọ̀ G00, G01 àti M03 kó tó kúrò nílé. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ gbogbo ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́, kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí àti irú ẹ̀rọ tó lò wà nínú rẹ̀. Kó ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tó fi ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́

Ibi tí owó ilé ti ń bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì nìyí. Yúrò 75 ni owó físà iṣẹ́ Jámánì. Ẹni tó bá ń béèrè mílíọ̀nù náírà fún "físà tó dájú," kò ní agbára lórí físà kankan. Bí wọ́n bá fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú Handelsregister, ìwé orúkọ iléeṣẹ́ ti ìjọba Jámánì, tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára. Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín rí, kì í ṣe èyí tí aṣojú náà fún yín. Àwa tí a wà níbí ló rọrùn fún jù láti ṣe ìpè yẹn.

Nítorí náà, bí fóònù bá tún dún lálẹ́ Sátidé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí aṣojú ń gbà. Ẹ béèrè pé: "Ìwé wo lo ní? Ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ṣé o ti ń kọ́ Jámánì?" Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín láti fi ránṣẹ́, ẹ fi san owó ẹ̀kọ́ èdè ní Goethe-Institut l'Ékòó, tàbí owó technical college. Ìyẹn kò dùn létí bíi "físà ti jáde," ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.