Iná Mànàmáná Nínú Ìtọ́jú Ìsoríkọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1938, ní ìlú Róòmù ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn dókítà méjì, Ugo Cerletti àti Lucio Bini, fi iná mànàmáná kan orí ọkùnrin kan tí àwọn ọlọ́pàá rí níbi tí ó ti ń rìn káàkiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Gìrì gbé e. Nígbà tí wọ́n ṣe é léraléra, ara rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìtọ́jú yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń wí. Ẹni tí ìsoríkọ́ bá wọ̀ lára kò ní jẹun, kò ní sùn, ikú nìkan ni ọkàn rẹ̀ yóò máa fẹ́. Oògùn a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́; ẹni tí kò mu omi mọ́ kò lè dúró dè é. Irú wọn ni iná yìí ń gbà là jùlọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a ń ṣe é, títí yóò fi tó ìgbà 6 sí 12, ọ̀pọ̀ wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí ó tó parí. Ikú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ gidigidi.

Ṣùgbọ́n ìrántí ńkọ́? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́, nítorí iyè ni ọkọ́ àti àdá wa. Orí fífọ́ a máa lọ kíákíá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tí ó ṣáájú ìtọ́jú lè pòórá, ti àwọn mìíràn kì í sì í padà mọ́. Àìsàn náà pàápàá lè padà. Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìtọ́jú yìí; síbẹ̀ ó pa ara rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1961.

Èyí tí ó ń dùn mí jùlọ kì í ṣe ẹ̀bi iná. Níbi tí ètò bá pé, wọn a kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn oorun, àti èyí tí ń dẹ iṣan, kí egungun rẹ̀ má baà ṣẹ́ nígbà tí gìrì bá gbé e. Ní ọdún 2005 Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a má ṣe é láìsí méjèèjì, tàbí láìsí ìyọ̀ǹda aláìsàn. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn wa ti kọ̀wé pé a ti ṣe é láìsí oògùn oorun ní Nàìjíríà. Ṣé egungun tiwa kì í ṣẹ́ ni?

Nítorí náà, kí ẹbí aláìsàn bèèrè lọ́wọ́ dókítà: ta ni yóò fún un ní oògùn oorun? Ǹjẹ́ a ti sọ ti ìrántí fún un? Oògùn wo ni yóò máa lò lẹ́yìn rẹ̀?