Bí A Ti Ń Wo Tẹ́níìsì Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé díẹ̀ ni ó ní ẹ̀rọ náà. Lónìí, ó ti dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ní ìsọ̀ kan nítòsí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́níìsì àwọn obìnrin ni a bá lójú ẹ̀rọ. Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kàwé lọ́dọ̀ wa, mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gẹrun. Ó ka nọ́ńbà tí ó wà ní igun ẹ̀rọ náà sókè, ó ní:

"Bàbá Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọbìnrin yìí jẹ. Báwo ni ó ṣe di 15? Irú òṣùwọ̀n wo nìyí?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú wa dùn. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹlòmíràn ni ìbá sọ ẹni tí ń borí fún un.

Bí bọ́ọ̀lù bá há sínú àwọ̀n, tàbí tí ó bọ́ sẹ́yìn ìlà, tàbí tí ó fò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kejì jẹ pọ́ìntì kan. Ẹ̀ẹ̀kíní ni wọ́n ń pè ní 15, ẹ̀ẹ̀kejì 30, ẹ̀ẹ̀kẹta 40. Ẹni tí ó bá tún jẹ lẹ́yìn èyí gba gèèmù kan. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà ní 40, ọ̀kan ní láti jẹ lẹ́ẹ̀mejì léra kí gèèmù tó di tirẹ̀. Nígbà mìíràn, èyí a pẹ́ títí, tí ọwọ́ onígbàjámọ̀ yóò fi dúró lórí oníbàárà.

Ẹni tí ó gba gèèmù 6, tí ó sì fi 2 ju ẹnì kejì lọ, gba sẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá jọ dé 6, wọn a gbá gèèmù àkànṣe kan, tí a ń kà ní 1, 2, 3, títí dé 7 ó kéré tán. Ìyá ní, "Èyí ni mo gbọ́!"

Kí ni ó ń dá ènìyàn jókòó síbẹ̀? Eré yìí kò ní aago. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti gbá góòlù 3 wọlé lè máa fi àkókò ṣòfò títí rẹ́fírì yóò fi fọn fèrè. Nínú tẹ́níìsì, ẹni tí ń borí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ pọ́ìntì ìkẹyìn. Bí sẹ́ẹ̀tì tuntun bá sì bẹ̀rẹ̀, òfo ni àwọn méjèèjì ti ń kà.

Ẹ wo Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, ní Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1983. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin níbẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 3 ni a fi ń borí. Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ni ó kò, ọkùnrin tí ó ti gba ife Faransé àti ti Amẹ́ríkà ní 1977. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, 6–3 àti 7–5. Ẹlòmíràn ìbá ti pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Odizor gba ẹ̀kẹta, 7–6. Ó gba ẹ̀kẹrin, 7–5. Ó gba ẹ̀karùn-ún, 6–2! Ó sì lọ títí dé ìpele kẹrin ìdíje náà.

Ní ìsọ̀ wa yẹn, 40 sí 40 ni wọ́n wà nígbà tí iná lọ. Ọmọ ti gẹrun tán, ó ń fa ìyá-ìyá rẹ̀ láṣọ. Ìyá kò dìde. Ó ní, "Dákẹ́ ná. Wọn yóò mú un dé."