Bí A Ti Ń Pààrọ̀ Búṣì Ọ̀pá Jíà Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ìlapa èrò: (i) Ìfáárà. (ii) Ohun tí búṣì jẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀. (iii) Àmì pé ó ti jẹ. (iv) Ìpalẹ̀mọ́. (v) Yíyọ èyí tí ó gbó. (vi) Fífi tuntun sí i. (vii) Ìdánwò àti ìtọ́jú. (viii) Ìgúnlẹ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ní agbègbè Ìlàjẹ, ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, omi ni títì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti Ìgbókòdá títí dé Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ọkọ̀ ni apẹja fi ń lọ sí ẹnu iṣẹ́, òun ni oníṣòwò fi ń ná ọjà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Àjẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń tukọ̀. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fún títà. Láti ọdún 1960 ni Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáànù ti ń ṣe tirẹ̀. Ohun kan wà lára ẹ́ńjìnnì yìí tí kò tóbi ju òrùka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n tí ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, tí ó sì lè fi ẹ̀mí ènìyàn wéwu. Búṣì ọ̀pá jíà ni.

Kí ni búṣì yìí ń ṣe? Ipò mẹ́ta ni ọwọ́ jíà ní: iwájú, fírì àti ẹ̀yìn. Bí o bá ti ọwọ́ jíà, irin kékeré kan tí ó gba inú búṣì kọjá yóò yí, yóò sì fa ọ̀pá gígùn tí ó gba inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì lọ sí ìsàlẹ̀, tàbí kí ó tì í. Nínú àpótí jíà tí ó wà lábẹ́ omi, irin eléyín kan wà tí ọ̀pá yìí ń sún kọ́ mọ́ jíà iwájú tàbí jíà ẹ̀yìn. Bí ó bá wà ní fírì, kò kọ́ mọ́ ọ̀kankan. Náílọ́ọ̀nù líle tàbí idẹ ni a fi ń ṣe búṣì. Kì í jẹ́ kí irin máa ha irin, kì í sì í jẹ́ kí àyè wà láàrin wọn. Irú búṣì bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn mọ́tò àtijọ́ pẹ̀lú, pàápàá èyí tí ọwọ́ jíà rẹ̀ jìnnà sí àpótí jíà.

Iyọ̀ òkun, yanrìn àti gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń jẹ búṣì. Bí ó bá ti jẹ, ọ̀pá kò ní í rìn dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, eyín yóò sì kọ́ ní ìlàjì. Eyín tí ó kọ́ ní ìlàjì yóò máa yọ̀, yóò sì máa jẹ ara rẹ̀ títí tí jíà yóò fi bàjẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé ọwọ́ jíà lè wà ní fírì nígbà tí abẹ̀bẹ̀ onírin ìdí ọkọ̀ ṣì ń yí. Ronú ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí ọmọ kan bá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ní ẹ̀bá abẹ̀bẹ̀ náà lákòókò yẹn.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé búṣì ti jẹ? Pa ẹ́ńjìnnì, kí o sì mi ọwọ́ jíà. Bí ó bá ń mì ségesège kí ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, búṣì ni kí o fura sí. Àmì mìíràn ni pé jíà ń fò jáde fúnra rẹ̀, tàbí pé fírì ṣòro láti rí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ jíà àti ọ̀pá bá le dáadáa, tí jíà sì ń fò síbẹ̀, eyín tí ó wà nínú àpótí ni ó ti jẹ. Búṣì tuntun kò lè wo àrùn yẹn sàn.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, gbé ọkọ̀ wá sí èbúté, kí o sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí o bá lè sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó dára jù. Yọ okùn iná kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣáná lójijì. Yọ rọ́bà tí ń gbé bẹntiróòlù wọlé pẹ̀lú. Wá sípánà, púláyà, igi kékeré kan, kẹrosíìnì, àkísà àti gírísì tí omi kì í tètè fọ̀ kúrò. Tẹ́ aṣọ sí abẹ́ ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé wáṣà tí ó bá já sínú ẹrẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí o sì fi ọwọ́ jíà sí fírì. Fi ìṣó ha ilà sí ibi tí ọ̀pá àti irin ti pàdé, kí o lè mọ ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Yọ pínnì àti wáṣà ní ẹsẹẹsẹ, kí o sì tò wọ́n bí o ti yọ wọ́n. Fa irin jáde, kí o fi igi ti búṣì tí ó gbó síta. Fi kẹrosíìnì fọ ojú ihò náà, kí o sì nù ún gbẹ. Yẹ irin fúnra rẹ̀ wò: bí òun náà bá ti jẹ, búṣì tuntun yóò ṣì máa mì nínú rẹ̀, nítorí náà, àwọn méjèèjì ni kí o pààrọ̀.

Mú búṣì àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí o lè ra irú rẹ̀ gan-an. Àwọn kan a máa gé rọ́bà bàtà tàbí kí wọ́n wé wáyà mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn kì í pẹ́ kí ó tó fọ́. Bí búṣì náílọ́ọ̀nù bá kọ̀ láti wọlé, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò rọ̀. Má ṣe fi òòlù lù ú. Fi gírísì ra inú rẹ̀, kí o dá irin padà sí ojú ilà tí o ha, kí o sì lo pínnì tuntun, nítorí pé èyí tí a ti tẹ̀ rí lè kán lójú agbami.

Ó wá ku ìdánwò. Má tíì dá okùn iná padà. Ní fírì, abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ yí fàlàlà sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí o bá kó o sí jíà, ó gbọ́dọ̀ kọ́. Máa fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ti ń kó jíà, kí eyín lè bá ara wọn mu. Bí fírì kò bá sí láàrin gbùngbùn, tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá, kí o yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí i. Nígbà náà ni kí o dá okùn iná àti rọ́bà padà, kí o so ọkọ̀ mọ́ òpó, kí o sì dán jíà wò lórí iná kékeré.

Fún ìtọ́jú, fi omi tí kò níyọ̀ fọ ibẹ̀ bí o bá ti òkun dé, kí o sì máa fi gírísì sí i déédéé. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé bí a bá rọra fa ọwọ́ jíà, a ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí iná ẹ́ńjìnnì kéré, kí o sì kó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí eyín má baà máa ha ara wọn.

Ní ìparí, a ti rí i pé iṣẹ́ yìí kò ju sùúrù àti ìmọ́tótó lọ. Owó búṣì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àpótí jíà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye tí a lè fi ra ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí ọmọ ènìyàn. Nítorí náà, ìwọ tí o ń wakọ̀ tàbí tí o ń wọ̀ ọ́, bí ọwọ́ jíà bá ti ń mì, má ṣe dúró di ọjọ́ tí yóò kọ̀.